Bí ẹ ṣe lè ṣe ìgbéyàwó tó bá ọkàn yín mu láì bá ẹbí jà

Láti ìgbà tí a ti ṣe ìgbéyàwó wa pẹ̀lú èèyàn 60 péré, ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn èèyàn ń bi mí: "Kí lẹ sọ fún àwọn òbí yín tí wọ́n fi gbà?" Àwọn tó ń béèrè kì í ṣe ahun, wọn kì í sì í ṣe ọmọ tí kò ka ẹbí sí. Nígbà tí wọ́n bá jókòó jẹ́ẹ́, tí wọ́n gbọ́ ohun tí inú wọn ń sọ, wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe hóòlù ńlá ló wù wọ́n, wọn kò sì fẹ́ fi gbèsè bẹ̀rẹ̀ ilé. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ tí ilé kò fi ní dàrú.

Bí a ṣe ṣe tiwa nìyí, àti ibi tí a ti ṣì í. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe tò. Ọ̀rọ̀ tí ẹbí á fi ọ̀yàyà gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ẹ bá dúró dìgbà tí wọ́n ti san owó hóòlù kí ẹ tó sọ ọ́, ìjà ló máa dà.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìwé méjì àti bíírò méjì.
- Wákàtí méjì tí fóònù yín máa fi wà ní pípa.
- Iye owó tó wà lọ́wọ́ yín gan-an. Èyí tí ẹ ń retí kò sí níbẹ̀.
- Oṣù 6, ó kéré tán, ṣáájú ọjọ́ tí ẹ ní lọ́kàn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ gbọ́ ti ara yín kí ẹ tó gbọ́ ti ẹnikẹ́ni

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń fò kọjá, ibí náà ni gbogbo wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá dé iwájú ẹbí láì mọ ohun tí ẹ fẹ́, wọ́n á bá yín mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Àyè ṣófo ni, wọ́n sì dí i.

1. Kí oníkálukú jókòó sí ọ̀tọ̀. Ẹ má tíì bá ara yín sọ̀rọ̀.
2. Ẹ dáhùn ìbéèrè yìí lórí ìwé: bí ẹnikẹ́ni kò bá ní rí fọ́tò ọjọ́ yẹn láé, kí ni mo ṣì máa fẹ́ kó wà níbẹ̀?
3. Ẹ kọ èkejì sísàlẹ̀ rẹ̀: kí ni mo fẹ́ ṣe nítorí pé lágbájá ṣe é níbi tiẹ̀?
4. Ẹ pààrọ̀ ìwé náà láàárín ara yín. Ẹ kà á tán kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.
5. Ẹ mú nǹkan mẹ́ta péré tí ẹ kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kó má ju mẹ́ta lọ.

Àwa mú mẹ́ta yìí: a kò ní yá kọ́bọ̀, ìyá bàbá mi, tí ẹsẹ̀ ń dùn, gbọ́dọ̀ lè jókòó títí a ó fi parí, àti pé kò ní sí ẹnì kan níbẹ̀ tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Aṣọ wa kò sí nínú rẹ̀. Oúnjẹ kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹbí dé orí aṣọ àti oúnjẹ, ó rọrùn fún wa láti sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìkìlọ̀: bí ìwé ẹnì kejì yín bá fi hàn pé àríyá ńlá ló ń wù ú látọkàn wá, ẹ má pè é ní ojú ayé. Àwọn kan wà tí inú wọn dùn sí ariwo, ìlù àti èrò, tí fọ́tò kò sì sí níbẹ̀ rárá. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa kọ́kọ́ rẹ́ra yín lórí ìyẹn kí òbí kankan tó gbọ́. Ẹ má lọ gbé ìjà tí ẹ kò tíì parí nílé lọ síwájú àna.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ka owó yín

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ kọ iye tó wà nílẹ̀, ẹ yọ owó ilé ọdún kan àti owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀. Èyí tó kù ni owó ìgbéyàwó yín. Bí àjọ tí ẹ ń dá bá máa bọ́ sí yín lọ́wọ́ kó tó di ọjọ́ náà, ẹ lè kà á mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí ẹ ti bá olórí àjọ sọ̀rọ̀ kí ẹ sì mọ oṣù tó bọ́ sí.

Ẹ má fọwọ́ kan owó tí wọ́n ń yáni lórí fóònù. Èlé rẹ̀ kì í dúró de ìsinmi ìgbéyàwó, bí ọjọ́ sísan bá sì kọjá, àwọn kan nínú wọn máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀sín ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù yín, tó fi mọ́ àna tuntun.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ya àṣà sọ́tọ̀ kúrò lára ṣekárími

Ohun tó ń mú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fìdí rẹmi níwájú àgbà ni pé wọ́n da àwọn méjèèjì pọ̀. Wọ́n ní àwọn "kò fẹ́ wàhálà," àgbà sì gbọ́ ọ bí ẹni pé wọn kò fẹ́ àṣà. Ẹ lọ pẹ̀lú ìwé tó fi ìyàtọ̀ náà hàn.

Àṣà nìwọ̀nyí: mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́, kí ẹbí ọkọ wá tọrọ ìyàwó, ẹrù ìdána, owó orí (tí ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń dá padà, tí wọ́n á ní àwọn kò ta ọmọ), àti àdúrà òbí lórí ọmọ wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ṣeé ṣe nínú pálọ̀ tàbí lábẹ́ kánọ́pì kan ṣoṣo ní iwájú ilé.

Aṣọ ẹbí oríṣi mẹ́ta, hóòlù alámúlétutù, olórin, ike àti abọ́ tí wọ́n kọ orúkọ yín sí fún àlejò, ọkọ̀ tí ẹ háyà fún fọ́tò: ìnáwó ni ìwọ̀nyí. Wọ́n lè dára, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó kò ní torí wọn di aláìpé.

Ní ti ẹrù ìdána, ẹ tètè gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí ìyàwó, nítorí ó yàtọ̀ láti ìdílé sí ìdílé. Iṣu, obì, orógbó àti ataare máa ń wọ́pọ̀ ní 42, 42. Oyin, iyọ̀, epo pupa àti ìrèké náà ò ní gbẹ́yìn. Àwọn tí a ń fi wúre gan-an kì í wọ́n owó: obì tó ń bi ikú, orógbó tó ń gbó ni sáyé, oyin, iyọ̀, ataare. Ibi tí owó ti ń jò ni ibi tí wọ́n ti fi páálí mílíìkì, páálí ẹlẹ́rìndòdò àti àpò ìrẹsì mẹ́rin kún un. Ibẹ̀ ni kí alágbàwí yín ti bẹ̀bẹ̀. Ẹ má bẹ̀bẹ̀ lórí obì.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wá alágbàwí

Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Bí ọ̀rọ̀ yín tilẹ̀ dára, ẹnu yín kọ́ ló yẹ kí gbogbo ẹbí ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ wá àgbà kan ní ilé kọ̀ọ̀kan tí òbí yín kì í lè já ní koro: ẹ̀gbọ́n wọn, ọ̀rẹ́ wọn àtijọ́, pásítọ̀ tàbí àlùfáà tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún.

1. Ẹ lọ bá a nílé rẹ̀. Ẹ má fi fóònù ṣe é.
2. Ẹ fi ìwé owó yín hàn án. Àgbà tó bá rí òkodoro iye owó kì í fi ọ̀rọ̀ yín ṣeré.
3. Ẹ sọ nǹkan mẹ́ta yín fún un, kí ẹ sì bi í pé: "Báwo lẹ rò pé kí a gbé e kalẹ̀?"
4. Ẹ jẹ́ kó tún un sọ lẹ́nu ara rẹ̀. Bó bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ tún un ṣe níbẹ̀.

Ibi tí èmi ti ṣàṣìṣe nìyí. Mo lọ bá àbúrò màmá mi, ó sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n n kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìbàdàn, nítorí mo rò pé bàbá mi á sọ fún wọn. Ẹnu aláta kan ní ọjà Bódìjà ni wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ àbúrò wọn fẹ́ ṣe ìgbéyàwó "bòńkẹ́lẹ́." Wọn kò bínú sí iye èèyàn tí a fẹ́ pè rárá. Ohun tí wọ́n ń tún sọ ní àtúnsọ lórí fóònù ni pé, "Aláta ló sọ fún mi." Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi bẹ̀ wọ́n. Mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀ wọn ní Ìbàdàn, wọ́n kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, wọn ò wò mí títí ètò fi parí. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ orúkọ gbogbo àgbà tó gbọ́dọ̀ gbọ́ láti ẹnu yín sílẹ̀, kí ẹ sì parí gbogbo wọn láàárín ọjọ́ méjì. Ìròyìn kì í dúró de ìkẹta.

Ìgbésẹ̀ 5: Ọjọ́ tí ẹ máa sọ ọ́

Ẹ lọ ní ọjọ́ tí ara wọn balẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, kí alágbàwí ti jókòó. Kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ ní ṣókí. Ohun tí a sọ nìyí, ẹ lè mú un lò:

"Bàbá, Màmá, a dúpẹ́ tí ẹ tọ́ wa dé ibí. A wá gba ìmọ̀ràn lórí ọjọ́ wa. Iye tó wà lọ́wọ́ wa nìyí, a kò sì fẹ́ yá owó kún un. Nǹkan mẹ́ta yìí ló jẹ wá lógún. Ìyókù, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ wa sọ́nà."

Ẹ má sọ pé, "Ìgbéyàwó wa ni, kì í ṣe tiyín." Kì í ṣe òótọ́, wọ́n sì mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́. Láàárín àwa Yorùbá, ẹbí méjì ló ń di ọ̀kan. Ohun tó jẹ́ tiyín níbẹ̀ ni ọkàn yín àti gbèsè tó bá ṣẹ́kù.

Ẹ múra sílẹ̀ de àwọn ọ̀rọ̀ yìí:

*"Ṣé oyún wà nílẹ̀ ni?"* Ẹ má gbaná jẹ. Ìdí tí mo fi ní oṣù 6 nìyẹn. Ẹni tó bá tètè dá ọjọ́, tó sì sọ ọ́ ní gbangba, ẹnu á kúrò lára rẹ̀.

*"Àwa òbí la máa sanwó."* Ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí alágbàwí béèrè ibi tí owó náà ti ń bọ̀. Bó bá jẹ́ owó tó wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi yẹ́ yín sí, ẹ gbà á, kí ẹ sì fún wọn ní apá tó pọ̀ nínú ètò náà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni wọ́n ti fẹ́ yá a, ẹ rántí pé ẹ̀yin náà lẹ máa bá wọn san án nígbẹ̀yìn.

*"Kí ni ayé máa wí?"* Ẹ má bá wọn jiyàn lórí ayé. Ẹ béèrè ẹni tí wọ́n ní lọ́kàn gan-an. Lọ́pọ̀ ìgbà, èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni "ayé" náà, ẹ sì lè pe àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

*"Èmi ti ná ti gbogbo èèyàn."* Èyí ló le jù, kí ẹ fara balẹ̀ sí i. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, màmá mi kò dáhùn. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n fa àpótí irin tó wà lábẹ́ ibùsùn jáde, wọ́n sì ń kó aṣọ ẹbí jáde lọ́kọ̀ọ̀kan sórí àga. Léèsì olómi wúrà: ọmọ aládùúgbò. Àǹkárá aláwọ̀ ewé: àbúrò ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́. Gèlè tí wọ́n wé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ìwé tí wọ́n fi dì í ṣì wà lára rẹ̀. Mo ka aṣọ 19. Òórùn káńfò gba gbogbo pálọ̀. Wọ́n wá ní, "Gbogbo àwọn wọ̀nyí ni mo bá yọ̀. Ìgbà wo ni wọ́n máa wá bá èmi náà yọ̀?"

Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe hóòlù ni màmá mi ń béèrè. Àsìkò tiwọn ni wọ́n ń retí, ohun tí wọ́n sì ń retí tọ́ sí wọn. A kò yí nǹkan mẹ́ta wa padà, ṣùgbọ́n a yọ àyè 12 sọ́tọ̀ fún ẹgbẹ́ wọn, màmá mi mú àǹkárá kan tí apá gbogbo wọn ká, àwọn 12 náà sì jó wọlé pẹ̀lú wọn kí àwa tó wọlé. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ tí màmá mi fi owó ara wọn ṣe ní oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n pe gbogbo ẹni tó kù. Àwa kàn jókòó, a jẹun, a dúpẹ́.

Nítorí náà, bí òbí bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má fi ìṣirò owó dá wọn lóhùn. Ẹ béèrè pé: "Ta lẹ fẹ́ kó rí yín lọ́jọ́ náà?"

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ dá iye èèyàn, kí ẹ tó dárúkọ

- Ẹ fẹnu kò sí iye kan, ẹ pín in sí mẹ́ta: ilé ìyàwó, ilé ọkọ, ẹ̀yin méjèèjì. Tiwa jẹ́ 20, 20, 20. Àyè 12 ti ẹgbẹ́ màmá mi wà nínú 20 ilé wa.
- Kí ilé kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ mú orúkọ tirẹ̀. Ẹ má yọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ti wọn, kí wọ́n má sì fi kún tiyín.
- Ẹ má ta aṣọ ẹbí káàkiri. Ẹni tó bá ra aṣọ ti ra àga nìyẹn, ẹ kò sì ní lè sọ fún un mọ́ pé àyè ti kún.
- Ẹ má gbé ọjọ́ àti ibi tó máa wáyé sórí WhatsApp títí ẹ ó fi ṣe tán.
- Ẹ se oúnjẹ èèyàn 75 fún èèyàn 60. Mo-gbọ́-mo-yà kò ní ṣaláì wá, a kì í sì í lé àlejò lẹ́nu ọ̀nà.

Bí ẹ bá fẹ́ gba alága, ẹnì kan lè ṣe ìdúró àti ìjókòó pọ̀ níbi ìdána kékeré, bí ilé méjèèjì bá ti gbà. Ẹ bá a sọ ọ́ ṣáájú pé kò ní máa dá ẹbí ọkọ dúró gbowó lẹ́nu ọ̀nà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ní ti fífọ́n owó, òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ẹ gbé àpótí kan sórí tábìlì, kí ẹni tó bá fẹ́ yẹ́ yín sí fi owó rẹ̀ sínú àpòòwé.

Ìgbésẹ̀ 7: Kọ́ọ̀tù

Bí ẹ bá máa ṣe ti kọ́ọ̀tù, ẹ lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó ní àgbègbè yín. Wọ́n á lẹ ìkéde yín mọ́ pátákó, wọ́n á sì dúró fún ọjọ́ 21 bóyá ẹnì kan máa takò ó. Láti ọjọ́ tí ẹ ti fi orúkọ sílẹ̀, oṣù mẹ́ta lẹ ní láti fi ṣe é. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Agogo 10 àárọ̀ sí agogo 4 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣe é ní ọ́fíìsì náà, ẹ sì gbọ́dọ̀ mú ẹlẹ́rìí méjì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 29 ó kéré tán ni ìkéde tiyín. Mo mọ tọkọtaya tó sọ ọ́ di kọ́ọ̀tù ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ àti ìdána ní Sátidé, tó sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Kí ẹ di ohun gbogbo mú ṣinṣin. Ẹni tó bá ta kú lórí àwọ̀ fìlà, wọn kò ní gbọ́ ọ mọ́ nígbà tó bá dé orí gbèsè.
- Kí ẹ máa bú àwọn tó ṣe àríyá ńlá. Màmá yín jó níbẹ̀, ẹ ń bú òun náà nìyẹn.
- Kí ọkọ máa bá ẹbí ìyàwó jiyàn, tàbí kí ìyàwó máa bá ìyá ọkọ jiyàn. Oníkálukú ni kó bá ilé tirẹ̀ sọ̀rọ̀.
- Kí ẹ gbà nítorí ojú ń tì yín, kí ẹ sì wá máa ráhùn fún oṣù 6. Bí ẹ bá gbà, ẹ gbà tọkàntọkàn. Bí ẹ kò bá lè gbà, ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀

Ẹ má sá lọ ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, tí ọmọ wọn àkọ́kọ́ sì pé ọdún méjì kí bàbá ìyàwó tó gbà láti gbé e. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ìwọ̀nyí:

Ẹ lè pín in: ìdána kékeré ní ọjọ́ yín, kí òbí ṣe ìdúpẹ́ tàbí wòlímọ̀ (àsè ìgbéyàwó àwọn Mùsùlùmí) tiwọn nígbà tó bá wù wọ́n, lówó ara wọn. Ẹ lè sún ọjọ́ síwájú títí owó á fi tó ohun tí wọ́n ń fẹ́, bí ẹ̀yin méjèèjì bá lè dúró. Ẹ sì lè pààrọ̀ alágbàwí. Nígbà míì, ọ̀rọ̀ kan náà láti ẹnu ẹlòmíì ni wọ́n ń retí.

Ṣùgbọ́n bí òbí kan bá ń ṣàìsàn, tó sì jẹ́ pé èrò tó pọ̀ ló wù ú láti rí lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ tún ìwé yín wò. Ó ṣeé ṣe kí òbí yín wà lára nǹkan mẹ́ta náà. Èèyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ohun tó kọ padà.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà

☐ Gbogbo àgbà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ti gbọ́ láti ẹnu wa.
☐ Ẹrù ìdána ti pé, a sì ti kà á lójú ẹnì kan láti ilé ìyàwó.
☐ Alága mọ aago tí a máa parí.
☐ Ẹlẹ́rìí méjì ti mọ ọjọ́ kọ́ọ̀tù.
☐ Àga tó ní ìfẹ̀yìntì wà fún màmá àgbà, kò sì jìnnà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.
☐ Ìwé tí a kọ nǹkan mẹ́ta wa sí ṣì wà lọ́wọ́ wa, a sì ti tún un kà.